Kí Ìwé Tó Dé Ilé Ìtẹ̀wé: Ètò fún Ẹni tí Iṣẹ́ Bọ́ Lọ́wọ́ Rẹ̀

Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí iṣẹ́ oṣù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó mọ ìwé kọ dáadáa, tó sì fẹ́ fi ìwé kíkọ àti ìwé títẹ̀ ṣòwò. Èmi náà gba ọ̀nà yìí kọjá. Ohun tó ń da òwò náà rú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú kì í ṣe pé wọn ò mọ ìwé kọ. Ibi tó yẹ kí wọ́n parí sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á kọ ìwé tara wọn, wọ́n á kó gbogbo owó tí wọ́n gbà níbi iṣẹ́ lé e lórí, wọ́n á tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, ìgbà náà ni wọ́n á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò rà á. Ètò tí mò ń tò síbí yàtọ̀: oníbàárà ni àkọ́kọ́, ìwé ló tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ló gbẹ̀yìn.

1. Ẹ ya owó oúnjẹ sọ́tọ̀ kúrò lára owó òwò

Ẹ ṣírò ohun tí ilé yín ń ná lóṣù: oúnjẹ, owó ilé, owó ilé ìwé ọmọ, owó ọkọ̀. Ẹ sọ ọ́ di ti oṣù mẹ́fà, kí ẹ sì fi iye yẹn síbi tí ọwọ́ yín kò ti ní tètè tó o. Èyí tó bá ṣẹ́ kù ni owó òwò. Bí kò bá sí èyí tó ṣẹ́ kù, ẹ má fòyà, nítorí owó oníbàárà ni a ó fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá ń dá owó ìfẹ̀yìntì níbi iṣẹ́ tí ẹ ti kúrò ní Nàìjíríà, òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 gba ẹni tí kò tíì pé ẹni 50 ọdún láàyè, bí oṣù mẹ́rin bá kọjá tí kò ríṣẹ́ mìíràn, láti gba ohun tí kò ju ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú owó tó ní nípamọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń bá yín tọ́jú owó náà ni ẹ ó kọ̀wé sí. Èrò tèmi ni pé kí owó yẹn parí sórí oúnjẹ àti owó ilé, kí ó má dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé rárá. Owó ọjọ́ ogbó ni.

Irinṣẹ́ tí ẹ nílò kò pọ̀: kọ̀ǹpútà alágbèéká kan, fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀, àti ìwé àkọsílẹ̀ kan. Ẹ má ra ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Ẹ má gba ṣọ́ọ̀bù.

2. Ẹ mú irú iṣẹ́ kan ṣoṣo

Iṣẹ́ ìwé tí àwọn èèyàn wa ń sanwó fún ṣáá pọ̀: ìwé ètò ìsìnkú tó ní ìtàn ìgbésí ayé olóògbé nínú, ìwé ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún, ìtàn ìjọ tó ń ṣe àjọ̀dún, ìtàn ìlú fún ọjọ́ ìlú. Ẹ mú ọ̀kan, kí ẹ fi ọdún kan mọ̀ ọ́n dunjú.

Ìtàn ìgbésí ayé olóògbé ni mo máa ń gba àwọn èèyàn nímọ̀ràn láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ ìnáwó ti wà nílẹ̀, kò ṣeé sún. Ẹbí ti ya owó ìwé sọ́tọ̀ pẹ̀lú owó àpótí àti owó ìlù. Èyí tó sì ń dùn mí jù ni pé ohun tí wọ́n ń kọ sínú ọ̀pọ̀ ìwé náà kò yàtọ̀ síra: a bí wọn níbí, wọ́n lọ sílé ìwé yẹn, wọ́n fi ọmọ mélòó kan sáyé lọ. Àádọ́rin ọdún èèyàn kò yẹ kó parí sí ìpínrọ̀ mẹ́ta. Bí ẹ bá lè kọ ọ́ débi tí ọmọ yóò ti rí ìyá rẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ̀dà igba yóò wọ igba ilé, orúkọ àti nọ́ńbà fóònù yín yóò sì wà lẹ́yìn gbogbo wọn.

Kí ẹ tó wá oníbàárà, ẹ ṣe àpẹẹrẹ kan. Ẹ mú àgbàlagbà kan nínú ẹbí tiyín, ẹ kọ ìtàn wọn ní ojú ìwé mẹ́jọ, kí ẹ tẹ ẹ̀dà márùn-ún. Ẹ fún akọ̀wé ìjọ tàbí ti mọ́ṣáláṣí ní ọ̀kan, ayàwòrán tó ń lọ sóde ní ọ̀kan, alága ìjókòó ní ọ̀kan, atẹ̀wé àdúgbò ní ọ̀kan. Àwọn wọ̀nyí ló ń kọ́kọ́ gbọ́ pé ìnáwó ń bọ̀. Ẹ fi ìkarùn-ún pamọ́ sínú báàgì.

3. Ẹ ṣe àdéhùn kí ẹ tó ṣí ìwé

Ojú ìwé kan tó. Ẹ kọ iye ojú ìwé, iye ẹ̀dà, ọjọ́ tí ẹbí yóò kó fọ́tò wá, ọjọ́ tí ẹ ó fi iṣẹ́ hàn wọ́n, àti iye ìgbà tí wọ́n lè tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ̀ẹ̀mejì tó. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹni tí yóò ni iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti sanwó.

Ohun kan wà tí ẹ kò gbọ́dọ̀ gbàgbé: orúkọ ẹnì kan ṣoṣo tó láṣẹ láti sọ pé iṣẹ́ tó. Nínú ẹbí tí ìyàwó ti ju ọ̀kan lọ, bí ẹ bá gba àtúnṣe lọ́wọ́ gbogbo èèyàn, ìwé náà kò ní parí láé. Ẹ jẹ́ kí ẹbí fúnra wọn yan ẹni náà.

Ẹ gba àsansílẹ̀ tó lè ká owó ilé ìtẹ̀wé tán pátápátá, kí ẹ sì gba ìyókù kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ yín. Ẹ má ṣe gbé ìwé ìsìnkú fún ẹbí lórí ìlérí. Bí ìnáwó bá ti kọjá, gbèsè onímáàlúù àti ti aláṣọ ni wọ́n á máa san, tiyín á wá kẹ́yìn.

4. Ẹ jókòó ti àwọn tó mọ olóògbé

Ẹ má béèrè pé, “Irú èèyàn wo ni màmá?” Èsì kan ni ẹ ó gbà: “Èèyàn dáadáa ni wọ́n.” Ẹ béèrè pé: “Kí ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣe tí ilẹ̀ bá mọ́? Ọjà wo ni wọ́n ń ná? Ta ló jókòó ti ìsọ̀ wọn? Kí ni wọ́n máa ń sọ bí inú bá ń bí wọn?” Ẹ dákẹ́ lẹ́yìn ìbéèrè. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà rántí.

Obìnrin kan ń sọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ tó jẹ́ aláṣọ fún mi. Fún nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú, kò sọ ohun tí n kò lè rí nínú ìwé ìsìnkú mìíràn. Mo wá bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń fún yín lówó ilé ìwé. Ó di etí ìró ara rẹ̀ mú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta á ní kókó: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ìyá wọn máa ń ta owó ọkọ̀ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí kókó tirẹ̀ lálẹ́, tó bá sì di ìdájí tí iná kò sí, yóò fọwọ́ tọ́ kókó wọ̀nyí wò nínú òkùnkùn, yóò mọ èyí tó jẹ́ ti ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ ìtàn náà. Àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ra ẹ̀dà kún ẹ̀dà.

Ẹ gba ohùn sílẹ̀, àmọ́ ẹ tọrọ àyè kí ẹ tó tẹ fóònù. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kọ àwọn ọjọ́, oyè, oríkì àti orúkọ sórí ìwé, kí ẹni tó láṣẹ buwọ́ lu àtẹ orúkọ àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Ara àtẹ yìí ni ìjà ti máa ń bẹ̀rẹ̀, kì í ṣe ara ìtàn.

5. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú mìíràn kà á

Ẹ kọ ọ́ lọ́jọ́ kan, ẹ tún un ṣe lọ́jọ́ kejì. Ẹ wá ẹnì kan tó mọ àkọtọ́ Yorùbá dáadáa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì fún àpẹẹrẹ, kí ẹ sanwó fún un láti kà á. Ẹ ka iṣẹ́ náà sókè fúnra yín.

6. Ẹ gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé pẹ̀lú ọgbọ́n

Ní Èkó, Ṣómólú àti Muṣin ni àwọn atẹ̀wé pọ̀ sí jù. Ní Ìbàdàn, ẹ wo apá Mọ́kọ́lá. Ẹ bá ilé mẹ́ta sọ̀rọ̀ kí ẹ tó mú ọ̀kan, ẹ sì rí i pé ohun kan náà ni ẹ ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣírò. Fún ìwé pẹlẹbẹ, ẹ lè sọ pé: ìwọ̀n A5, èyí tó jẹ́ ìlàjì bébà A4, bébà inú tó jẹ́ bọ́ǹdì 80 gíráàmù, èèpo líle tí wọ́n fi ọ̀rá bò, kí wọ́n fi pín-ìnnì dì í pọ̀ ní àárín. Ìwé tó bá nípọn ni wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ kí iye ojú ìwé ṣeé fi mẹ́rin pín, nítorí bébà kan tí a ká sí méjì ń fún wa ní ojú ìwé mẹ́rin. Bí iṣẹ́ yín bá jẹ́ 42, ẹ dín in kù sí 40 tàbí kí ẹ fi fọ́tò sọ ọ́ di 44.

Fọ́tò ńkọ́? Èyí tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp lásán ti fún pọ̀, kò ní hàn kedere lórí bébà. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí fáìlì ìwé, tàbí kí ẹ gba fọ́tò náà fúnra rẹ̀, kí ẹ lọ fi ẹ̀rọ dà á kọ.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti dúró díẹ̀ ni àmì ohùn. Nínú iṣẹ́ mi kejì, fáìlì Word ni mo gbé fún ẹni tó ń ṣètò ojú ìwé. Kọ̀ǹpútà rẹ̀ kò ní irú lẹ́tà tí mo lò. Nígbà tó tẹ ẹ̀dà àyẹ̀wò jáde, níbi tí mo kọ “ẹ̀yẹ ìkẹyìn” sí, “ẹyẹ ìkẹyìn” ni mo bá níbẹ̀: iyì tí à ń ṣe fún òkú ti di ohun tó ń fò. Nínú ọ̀rọ̀ náà “ọ̀wọ̀”, àpótí kéékèèké tó ṣófo ni mo rí. Ìdí rẹ̀ ni pé kọ̀ǹpútà ní àyè kan pàtó fún “é”, àmọ́ kò ní fún “ẹ́”. “Ẹ” ni yóò kọ́kọ́ fi lélẹ̀, yóò wá gbé àmì lé e lórí. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ọ̀pọ̀ ilé ìtẹ̀wé ṣì ń lò kì í mọ bí wọ́n ṣe ń so méjèèjì pọ̀.

Nítorí náà, ẹ lo irú lẹ́tà tó mọ Yorùbá, bíi Charis SIL tàbí Gentium, tí wọ́n jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ ṣètò ojú ìwé náà fúnra yín bó bá ṣeé ṣe, kí ẹ sọ ọ́ di PDF tí lẹ́tà ti wọ inú rẹ̀, kí ẹ gbé PDF yẹn nìkan fún atẹ̀wé. Ẹ sì gba ẹ̀dà àyẹ̀wò lórí bébà. Ẹ kà á látòkè délẹ̀, ẹ buwọ́ lù ú, kí wọ́n tó fi ìka kan ẹ̀rọ.

7. Ẹ ṣírò kí ẹnu atẹ̀wé má baà tàn yín

Owó méjì ló wà nínú ìwé títẹ̀. Àkọ́kọ́ ni èyí tí kì í yí padà bó ti wù kí ẹ̀dà pọ̀ tó: ìṣètò ojú ìwé, ẹ̀dà àyẹ̀wò, àti pílétì, ìyẹn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kọ iṣẹ́ lé lórí, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ti ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan: bébà, yíǹkì, ìdìpọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi iye kan ṣe àpẹẹrẹ lásán, nítorí owó bébà kì í dúró sójú kan. Bí owó àkọ́kọ́ bá jẹ́ ₦120,000, tí ẹ̀dà kan sì ń ná yín ní ₦900, igba ẹ̀dà yóò jẹ́ ₦300,000, ìyẹn ₦1,500 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ẹ̀dà yóò jẹ́ ₦570,000, ìyẹn ₦1,140 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Atẹ̀wé yóò sọ pé èyí ni ẹ ó jèrè nínú rẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ igba péré ni ẹ rí tà nínú ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan tí ẹ tà ti ná yín ní ₦2,850. Iye ẹni tó ti sanwó ni kí ẹ tẹ̀, pẹ̀lú díẹ̀ lé e. Fún àádọ́ta tàbí ọgọ́rùn-ún ẹ̀dà, ẹ lo ẹ̀rọ dijíta, tó ń tẹ̀wé tààrà láti inú kọ̀ǹpútà láìlo pílétì.

8. Lẹ́yìn iṣẹ́ kẹta, ẹ forúkọ sílẹ̀

Ẹ forúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìforúkọsílẹ̀ òwò ní Nàìjíríà, lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ mú orúkọ méjì dání, nítorí ẹlòmíràn lè ti gba ọ̀kan. Ìwé ẹ̀rí yìí ni báńkì yóò béèrè kí wọ́n tó ṣí àkáǹtì lórúkọ òwò náà. Ọdọọdún, kí ó tó kọjá 30 oṣù kẹfà, ẹ ó máa fi ìròyìn òwò náà ránṣẹ́ sí CAC, àyàfi ọdún tí ẹ forúkọ sílẹ̀ gan-an.

Ìwé ìsìnkú kò nílò ISBN. Ìwé tí ẹ fẹ́ tà ní ilé ìtàwé ló nílò rẹ̀. Nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìwé tó ní òǹkà 13 ni. Ọ̀dọ̀ Ilé Ìkówèésí Ìjọba Àpapọ̀, National Library, ni ẹ ó ti gbà á, 978-978 ni ti Nàìjíríà sì sábà máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Bí ìwé bá jáde, òfin ní kí ẹ fi ẹ̀dà mẹ́ta ránṣẹ́ sí ilé ìkówèésí yìí.

9. Ìgbà yìí ni kí ẹ tẹ ìwé tiyín

Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ àádọ́ta èèyàn tí yóò rà á, ẹ pè wọ́n, kí ẹ gba owó lọ́wọ́ wọn ṣáájú. Bí ẹ kò bá rí ogún, ẹ dá ìwé náà dúró.

Ẹ má ṣe kó iṣẹ́ olóògbé kankan sínú ìwé yín nítorí pé ó ti pẹ́. Òfin ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé ti ọdún 2022 ń dáàbò bo iṣẹ́ fún 70 ọdún lẹ́yìn ọdún tí òǹkọ̀wé kú. Ẹ wo àpẹẹrẹ òǹkọ̀wé D. O. Fágúnwà, tó kú lọ́dún 1963. Iṣẹ́ rẹ̀ ṣì ní olóhun títí di òpin ọdún 2033. Bí ẹ bá nílò ojú ìwé kan nínú rẹ̀, ẹ kọ̀wé tọrọ àṣẹ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ̀ ẹ́.

Bí ilé ìtàwé bá gba ìwé yín ní àgbàtà, wọ́n á yọ èrè tiwọn; kí ẹ ti fi èyí kún iye tí ẹ ń tà á láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ gba ìwé tó fi iye ẹ̀dà tí ẹ kó sílẹ̀ hàn, kí wọ́n buwọ́ lù ú. Ẹ fi ẹ̀dà mẹ́wàá bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì padà lọ lóṣù kan lẹ́yìn náà láti ka èyí tó kù lórí àtẹ.