Ẹ̀kọ́ Wa: Kí Ìwé Tuntun Máa Wọ Inú Ẹ̀rọ Akàwé Láìjẹ́ Pé Àgbà Tọrọ Rẹ̀

Ẹ̀kọ́ wa tòní wà fún ilé tí àgbàlagbà kan wà tí ojú rẹ̀ kò ríran kàwé mọ́, tí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ kan sì mọ kọ̀ǹpútà lò díẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sùúrù kà á, kí ẹ sì gbé e fún àwọn ọ̀dọ́ ilé yín.

Kí ni ẹ̀rọ akàwé? Ẹ̀rọ kékeré tí ó wọ àpò ẹ̀wù ni, tí ó ń ka ìwé sí ènìyàn létí. Bọ́tìnnì rẹ̀ yọ síta, ọwọ́ lè mọ̀ wọ́n láìlo ojú. Èyí tí a ó fi ṣe àpẹẹrẹ ni Victor Reader Stream. Ilé-iṣẹ́ HumanWare ti ilẹ̀ Kánádà ni ó kọ́kọ́ gbé e jáde ní 2007. Irú rẹ̀ kejì jáde ní 2013, ẹ̀kẹta ní 2023. Ó ń ka ìwé DAISY, èyí tí a ṣètò fún àwọn tí kò lè ka ìwé tí a tẹ̀. Ó sì ń ka MP3 pẹ̀lú, nítorí náà Àlùkùránì kíké, wáàsí àti ìtàn lè wọ inú rẹ̀. Ó máa ń rántí ibi tí a dúró sí nínú ìwé kọ̀ọ̀kan.

Irú kejì àti ìkẹta lè gba nǹkan láti orí íntánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n wáàsí tí a gbà sílẹ̀ ní àsálátù wa, tàbí ìwé tí ọmọ ilé kà sílẹ̀ fún Bàbá, kò sí níbẹ̀. Ọwọ́ ènìyàn ni yóò gbé e wọ inú káàdì.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Nílé tiwa, àbúrò mi ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí fún Bàbá. Nígbà tí ó lọ sí yunifásítì, wáàsí mẹ́rin kan náà ni Bàbá ń gbọ́ fún nǹkan bí oṣù méjì. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn kò sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, “Ẹ̀yin náà ní iṣẹ́ tiyín.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí. Bí ó bá ti rẹ àgbà láti máa tọrọ, dídákẹ́ ni yóò dákẹ́. Ìdí nìyí tí ó fi dára kí kọ̀ǹpútà máa ṣe é fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: káàdì. Ẹ fi káàdì SD sínú ẹ̀rọ akàwé lẹ́ẹ̀kan. Ẹ̀rọ náà yóò fúnra rẹ̀ ṣe fódà sínú rẹ̀, orúkọ wọn yóò sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú $VR. $VRDTB wà fún ìwé DAISY, $VROtherBooks wà fún ìwé MP3. $VRNotes ni ó ń gba ohùn tí Bàbá fúnra wọn bá sọ sínú ẹ̀rọ. Fódà kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá fi sínú $VROtherBooks, ìwé kan ni ẹ̀rọ yóò kà á sí. Ẹ fi 01, 02, 03 bẹ̀rẹ̀ orúkọ fáìlì, kí orí ìwé má baà dàrú.

Ìgbésẹ̀ kejì: lẹ́tà káàdì. Ẹ fi káàdì sínú kọ̀ǹpútà Windows. Ẹ ṣí Disk Management, kí ẹ sì fún káàdì náà ní lẹ́tà S, kí ó lè máa jẹ́ S nígbàkigbà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: fódà méjì. Ẹ ṣe IweBaba àti OhunBaba sórí C. Ohun tuntun gbogbo, inú IweBaba ni kí ẹ máa kó o sí, ìwé kọ̀ọ̀kan nínú fódà tirẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àṣẹ. Ẹ ṣí Notepad, kí ẹ kọ ìlà méjì yìí:

if exist S:\$VROtherBooks robocopy C:\IweBaba S:\$VROtherBooks /S /M /R:2 /W:5

if exist S:\$VRNotes robocopy S:\$VRNotes C:\OhunBaba /S /R:2 /W:5

Ẹ fi orúkọ gbewole.bat pa á mọ́. Níbi Save as type, ẹ mú All files, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò di gbewole.bat.txt, kò sì ní ṣiṣẹ́.

Ìtumọ̀ rẹ̀ nìyí. “If exist” ń wò ó bóyá káàdì wà níbẹ̀. Bí kò bá sí, kò ní ṣe nǹkan kan. /S ń kó fódà tí nǹkan wà nínú wọn. /M ń kó kìkì fáìlì tuntun tàbí èyí tí a yí padà, yóò sì sàmì sí i pé ó ti lọ. Ohun tí Bàbá bá gbọ́ tán tí wọ́n pa rẹ́, kò ní padà wá dà wọ́n láàmú. Bí kò bá sí /R:2 àti /W:5, robocopy lè máa gbìyànjú fáìlì kan tí kò ṣeé kó nígbà mílíọ̀nù kan. Ìlà kejì ń gbé ohùn Bàbá wá sórí kọ̀ǹpútà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: àkókò. Ẹ ṣí Task Scheduler, ẹ mú Create Task, kí ẹ ní kí ó máa ṣí gbewole.bat ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ lọ sí Conditions, kí ẹ yọ àmì kúrò lórí Start the task only if the computer is on AC power. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, ọjọ́ tí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà alágbèéká yín kò ní ṣiṣẹ́ náà bí bátìrì rẹ̀ tilẹ̀ kún. Lẹ́yìn náà, ní Settings, ẹ fi àmì sí Run task as soon as possible after a scheduled start is missed. Bí a bá ti pa kọ̀ǹpútà ní aago mẹ́sàn-án, yóò ṣe é nígbà tí a bá tún tàn án.

Ìkìlọ̀ ńlá. Ẹ ó rí ẹni tí yóò ní kí ẹ fi /MIR kún un. Ẹ má ṣe é. /MIR ń mú kí káàdì rí gẹ́lẹ́ bí fódà C, ohun tí kò bá sí ní C, yóò pa á rẹ́ lórí káàdì. Èmi ni mo kọ́kọ́ lò ó, S:\ nìkan ni mo sì kọ sí ibi tí yóò lọ. Láàárín ìṣẹ́jú kan, gbogbo $VRNotes ti lọ. Inú rẹ̀ ni Bàbá ti sọ bí wọ́n ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin láti Ọ̀fà wá sí Kano, àti ilé ta ni wọ́n kọ́kọ́ sùn sí ní Sabon Gari. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n tún un sọ, ṣùgbọ́n wọn kò rántí orúkọ ẹni méjì mọ́. Nítorí ìyẹn ni ìlà kejì ṣe wà nínú àṣẹ wa. Ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà nílé, ìlà kejì yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kọ.

Nísinsìnyí, Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń ti káàdì bọ kọ̀ǹpútà lẹ́yìn ìrun alẹ́. Igun kan gé lára káàdì SD, òun ni ọwọ́ wọn fi ń mọ ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Bí wọ́n bá kírun Àsùbáà tán, wọn yóò yọ ọ́, nítorí iṣẹ́ ti parí tipẹ́. Ẹ má yọ ọ́ nígbà tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tan kọ̀ǹpútà. Ó lè jẹ́ pé ó ń kó ẹrù lọ́wọ́, káàdì sì lè bàjẹ́.

Ìbéèrè fún àwọn ọmọ wa:
1. Fódà wo ni ohùn Bàbá máa ń wà nínú káàdì?
2. Kí ni /M ń ṣe tí ìwé tí a pa rẹ́ kì í fi í padà wá?
3. Kí ló dé tí a kò gbọ́dọ̀ lo /MIR?

Ọmọ tí ó bá dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó ṣe é fún àgbà kan ládùúgbò, kì í ṣe ti ilé rẹ̀ nìkan. Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí àwọn àgbà wa pẹ́ fún wa. Àmín.