Àtọ̀gbẹ Kì í Ṣe Àrùn Ẹnì Kan

Àrùn tó ń ṣe ogójì ní ń ṣe ọ̀ọ́dúnrún. Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ní ń ṣe. Bí àtọ̀gbẹ bá mú bàbá, ó ti kan ìyá tó ń dáná, ó kan ọmọ tó ń jẹ nínú ìkòkò kan náà, ó sì kan ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́. Ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá ni àyájọ́ àrùn yìí lágbàáyé, ọjọ́ ìbí Frederick Banting, dókítà ará Kánádà tó wà lára àwọn tó ṣàwárí ínsúlínì ní 1921. Ní 2025, ọ̀rọ̀ ibi iṣẹ́ ni wọ́n gbájú mọ́.

Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ wo awakọ̀ dánfó l'Ékòó. Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ tó fi ń jókòó sídìí ọkọ̀, ibẹ̀ ni alẹ́ sì ń bá a. Búrẹ́dì ló ń jẹ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, ẹlẹ́rìndòdò tútù ló fi ń tì í. Ìgò 50cl kan nínú ọ̀pọ̀ irú wọn ní ju kóró ṣúgà mẹ́wàá lọ. Nígbà tó yá, òùngbẹ kò jẹ́ kó sinmi, ó ń bẹ́ sílẹ̀ tọ̀ ṣáá, ojú rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ṣòkòtò ń yọ̀ nídìí rẹ̀. Ó ní oòrùn ni. Àgbo jẹ̀díjẹ̀dí ló ń mu sí i, ó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, ó ń pa làpálàpá.

Àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ rí àmì kankan. Nílẹ̀ Áfíríkà, ó ju ìdajì àwọn tó ní àtọ̀gbẹ lọ tí wọn kò mọ̀ pé àwọn ní i. Àwọn kan á ní etí tí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Òwe yẹn kò bá ti àtọ̀gbẹ mu rárá: kíndìnrín, ojú àti ẹsẹ̀ kì í dúró de etí kí wọ́n tó bàjẹ́. Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti ìka, láàárọ̀ kí èèyàn tó jẹun, ni wọ́n fi ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí ṣúgà inú rẹ̀ bá jẹ́ 126 mg/dL tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí wọ́n tún un yẹ̀ wò lọ́jọ́ mìíràn. Bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, àtọ̀gbẹ ni.

Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni ariwo pọ̀ sí jù. Wọ́n á ní kí bàbá máa jẹ àmàlà ọ̀gẹ̀dẹ̀ bó ṣe wù ú, pé kò ní ṣúgà. Irọ́ ni. Ó ń di ṣúgà nínú ẹ̀jẹ̀ bí òkèlè yòókù. Bó ṣe pọ̀ tó nínú àwo ló ṣe pàtàkì. Kí òkèlè kéré, kí ẹ̀fọ́ pọ̀, kí ẹja tàbí ẹ̀wà wà níbẹ̀, kí gbogbo ilé sì jọ jẹ ẹ́. Àtọ̀gbẹ a máa rìn nínú ẹbí, nítorí náà kò sídìí tí ìyá á fi máa se ti bàbá lọ́tọ̀.

Ohun kan tún wà tí àwọn ará ibi iṣẹ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Ẹni tó ń lo ínsúlínì, tí kò sì jẹun, lè ṣàdédé máa gbọ̀n, kí òógùn bò ó, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ dàrú. Wọ́n á ní ó ti mutí yó, ṣúgà ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló sì já wálẹ̀. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní ṣúgà, tàbí ẹlẹ́rìndòdò tí a ti ń bú bọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀; òun náà ní ọjọ́ tirẹ̀. Bó bá ti dákú, ẹ má da ohunkóhun sí i lẹ́nu o, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíákíá.

Ẹ̀yin alága gáréèjì àti ìyálọ́jà, ẹ pe nọ́ọ̀sì wá láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí ẹnikẹ́ni tó jẹun, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn yín wò. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ na ìka.