Títọpa Ìdílé Ará Jámánì: Iṣẹ́ Kan fún Àwa Tí A Kọ́ Ìmọ̀ Ẹ̀dá Èdè

Bí ẹnìkan bá ní kí ẹ bá òun wá Charles Andrew Gollmer nínú ìwé ìrìbọmi ìlú tí wọ́n bí i sí, ẹ lè máa ṣí ìwé náà títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, ẹ kò ní rí i. Gollmer wà lára àwọn òjíṣẹ́ CMS tó dé Àgbádárìgì ní 1845, òun àti Àjàyí Crowther. Orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́ sínú ìtàn wa. Ṣùgbọ́n ọmọ Kirchheim unter Teck ni, ní Württemberg, ní ilẹ̀ Jámánì. Carl Andreas tàbí Karl Andreas ló yẹ kí ẹ máa wá. Ará Württemberg kan náà ni David Hinderer, tó wá tẹ̀dó sí Kúdẹtì níhìn-ín ní Ìbàdàn ní 1853.

Àwọn kan wà tó jẹ́ pé irú ìwákiri yìí ni wọ́n fi ń jẹun. Ọ̀pọ̀ oníbàárà wọn wà ní Amẹ́ríkà, ọmọ-ọmọ àwọn tó kúrò ní Jámánì láyé ọjọ́sí. Àwọn mìíràn ń wá ajogún: ẹnìkan kú, ó fi ilé àti owó sílẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ẹbí rẹ̀. Awádìí tó bá rí ajogún náà yóò bá a dúnàádúrà, yóò sì gba ìpín nínú ogún gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún ẹ̀gbọ́n mi tí a jọ ń gbé ní Agbowó, tí mo ní mo fẹ́ ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn ìdánwò àṣekágbá, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, “Àbúrò, ṣé wọ́n ń sanwó fún òfófó ní Jámánì ni?”

Ìwé ni wọ́n ń kà. Láti 1876 ni òfin ti fi dandan lé e ní gbogbo Jámánì pé kí ọ́fíìsì ìjọba máa kọ ìbí, ìgbéyàwó àti ikú sílẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló lè wo ìwé wọ̀nyẹn o: ti ìbí gbọ́dọ̀ pé 110 ọdún, ti ìgbéyàwó 80, ti ikú 30, kí ó tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ṣáájú 1876, ìwé ṣọ́ọ̀ṣì ni ní ọ̀pọ̀ ibi. Ní Württemberg, àwọn ìwé ìrìbọmi kan ti bẹ̀rẹ̀ láti 1558.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kàn wá nìyí. Ọwọ́ ìkọ̀wé kan tí wọ́n ń pè ní Kurrent ni wọ́n fi kọ ọ̀pọ̀ nínú ìwé wọ̀nyẹn, àwọn ọmọ Jámánì òde òní fúnra wọn kò sì lè kà á bí wọn kò bá kọ́ ọ. Nínú Kurrent, lẹ́tà e jọ n gan-an. U náà jọ n, àfi pé wọ́n máa ń fa ìlà kékeré kan tó tẹ̀ kọ́rọ́ sórí rẹ̀ kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbìyànjú, “Hauser” ló wà nínú ìwé, “Hansnr” ni mo kọ. Àṣé ìlà kékeré orí u ni mo fojú fò. Àwa tí wọ́n ti gé máàkì wa nítorí àmì ohùn kò yẹ kó yà wá lẹ́nu! Bí akọ̀wé kan bá kọ “Ojo” láìsí àmì, ṣé Ọjọ́ ni àbí Òjó? Bó bá jẹ́ Òjó, a mọ̀ pé ìwọ́ yí ọmọ náà lọ́rùn nígbà tí wọ́n bí i. Orúkọ bíi Müller kò lè sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé baba ńlá kan ń lọ ọkà nígbà kan rí.

Gírámà náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nínú ìwé àtijọ́, wọ́n máa ń so -in mọ́ orúkọ ìdílé obìnrin: ìyàwó tàbí ọmọbìnrin Müller a di Müllerin. Ẹni tí kò mọ̀ pé àfòmọ́ ìparí lásán ni yóò rò pé ìdílé méjì ni.

Ó tún wúlò fún ìtàn tiwa. Sigismund Wilhelm Koelle, ọmọ Württemberg mìíràn, jókòó ní Freetown ó ń fi ọ̀rọ̀ wá àwọn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ olówò ẹrú lẹ́nu wò. Ìwé rẹ̀, Polyglotta Africana, jáde ní 1854, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ láti inú èdè tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ nìkan ló kọ. Ó kọ orúkọ àwọn tó bá sọ̀rọ̀ àti ìlú tí wọ́n ti wá. “Aku” ló pe èdè wa, láti inú ìkíni wa. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń wá Ìjẹ̀bú níbẹ̀, Dsebu ni ẹ ó rí. Ìjẹ̀ṣà di Idsesa. J ti Jámánì dún bí y tiwa, nítorí náà ds ló fi dípò j wa. Ọmọ Yorùbá tó ń wá baba ńlá rẹ̀ ní Sàró nílò ẹni tó mọ fonọ́lọ́jì níbí yìí ju lọ́yà lọ.

Iṣẹ́ yìí kì í ṣe eré o. Ní 1933, ìjọba Násì pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba fi ìwé hàn pé kò sí Júù nínú àwọn òbí àti òbí àgbà rẹ̀. Oúnjẹ pọ̀ fún awádìí ìdílé nígbà náà. Ìwé ìrìbọmi kan náà tí à ń kà lónìí ni wọ́n fi yọ ènìyàn níṣẹ́, nǹkan tó sì tẹ̀ lé e burú ju ìyọniníṣẹ́ lọ. Lónìí, abala 116 nínú òfin ìpìlẹ̀ Jámánì gbà kí ọmọ-ọmọ àwọn tí Násì gba ìwé ọmọ ìlú lọ́wọ́ wọn béèrè fún un padà, awádìí ìdílé sì wà lára àwọn tó ń bá wọn wá ẹ̀rí.

Èyí tí kò kúrò lọ́kàn mi ni ti Tógò. Láti 1884 títí di 1914, abẹ́ Jámánì ni Tógò wà. Ọkùnrin kan láti ibẹ̀ lọ sí Jámánì, ó ní ọmọ ilẹ̀ náà lòun, torí bàbá bàbá òun, Jámánì ni, ó sì gbé ìyá àgbà òun níyàwó ní ìlànà ìbílẹ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn pé Jámánì ni bàbá àgbà náà. Ohun tí wọ́n sọ ni pé òfin Jámánì kò ka ìgbéyàwó ìbílẹ̀ sí ìgbéyàwó. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tó ti lò níbẹ̀, wọ́n dá a padà sí Tógò. Kò sí bí ènìyàn ṣe lè mọ Kurrent kà tó tí yóò fi rí ìgbéyàwó tí akọ̀wé kò kọ sílẹ̀. Àwọn tí ìgbéyàwó náà ṣojú wọn, ẹlẹ́rìí ni gbogbo wọn, àmọ́ orúkọ wọn kò sí nínú ìwé akọ̀wé.

Nítorí náà, ẹ̀kọ́ méjì ni mo ń kọ́ pọ̀ báyìí. Mo ń kọ́ Kurrent lójú ewé kan lóòjọ́. Ní ọjọ́ Sátidé, mo máa ń wọ mọ́tò láti Bódìjà lọ sọ́dọ̀ màmá bàbá mi ní Challenge, kí wọ́n lè ka oríkì orílẹ̀ wa sínú fóònù mi, kí n sì fi àmì ohùn kọ ọ́ dáadáa. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti dá mi dúró pé mo pe orúkọ baba ńlá kan ní ohùn tí kì í ṣe tirẹ̀. Ní ti Kurrent, Hauser kò di Hansnr mọ́, àmọ́ h àti s gígùn ṣì ń dà mí láàmú.