ÌDÍ TÍ ÀWỌN ÒKÈ KAN FI Ń YỌ INÁ

Kí ni í mú kí iná máa yọ lórí òkè kan, tí òkè mìíràn sì dákẹ́ jẹ́ẹ́ láti ayébáyé? Ẹ wo igbá tí ó fọ́ tí a sì rán pọ̀. Bí a bá bu omi gbígbóná sí i, ojú ìrán ni yóò ti máa jò. Bẹ́ẹ̀ ni èèpo ilẹ̀ ayé rí. Ó pín sí abala ńláńlá, tí wọ́n ń rìn díẹ̀díẹ̀, bí èékánná ti ń hù. Ojú ìrán wọn ni ọ̀pọ̀ òkè oníná wà.

Èkíní, níbi tí abala méjì ti ń ya ara wọn, òkúta gbígbóná ń ti ìsàlẹ̀ gòkè wá. Bí ẹrù tí ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ti ń fúyẹ́, ó ń yọ́, ó sì ń tú jáde. Báyìí ni ó rí ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, níbi tí òkè Nyiragongo ti tú òkúta yíyọ́ sí ìlú Goma ní ọdún 2002.

Èkejì, níbi tí abala kan ti ń wọ abẹ́ òmíràn, omi tí ó bá a wọlẹ̀ ń mú kí òkúta tètè yọ́. Báyìí ni ti Jàpáànù.

Ilẹ̀ Yorùbá jìnnà sí ojú ìrán. Èyí tí ó wà ní ìwọ̀-oòrùn wa ń bẹ láàárín Òkun Àtìláńtíìkì. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àárín abala kì í jò. Òkè Kamẹrúùnù, aládùúgbò wa, kò sí lójú ìrán. Síbẹ̀ òkúta gbígbóná ń gba ibi tí èèpo ilẹ̀ kò ti lágbára gòkè. Ó yọ iná ní ọdún 1922, òkúta yíyọ́ rẹ̀ sì ṣàn dé òkun. Ó tún yọ ní 1959, 1982, 1999 àti 2000.

Èéṣe tí àwọn àgbẹ̀ kò fi sá kúrò níbẹ̀? Nítorí pé bí eérú òkè náà bá pẹ́ nílẹ̀, ilẹ̀ ọlọ́ràá ni í dà; ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti tíì ń ṣe dáadáa níbẹ̀.

Ewu mìíràn wà tí kò ní iná. Ní alẹ́ ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, ọdún 1986, afẹ́fẹ́ wúwo tí ń séni léèémí tú jáde láti inú adágún Nyos, ní Kamẹrúùnù kan náà. Ó ṣàn bí omi sí àwọn àfonífojì, ó sì pa ènìyàn bí 1,700 àti ẹran ọ̀sìn púpọ̀.

Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń dáko lẹ́bàá irú òkè bẹ́ẹ̀, kí ó kọ́ ilé rẹ̀ sí ibi gíga. Bí ó bá rí ẹran tí ó kú sínú kòtò láìní ọgbẹ́, kí ó má ṣe sọ̀kalẹ̀ lọ gbé e. Kí ó tètè gòkè, kí ó sì pe àwọn ará ilé rẹ̀.