Àròkọ Ajẹmọ́-Ìsípayá: Kọfí Tí Ó Pẹ́ Nílẹ̀

Nínú àròkọ ajẹmọ́-ìsípayá, iṣẹ́ yín ni láti la ọ̀rọ̀ yé ẹni tí kò mọ nǹkan nípa rẹ̀. Ẹni tí ó bá kàn ń yin nǹkan láìsọ ìdí yóò pàdánù máàkì.

ÌBÉÈRÈ: Ṣàlàyé ohun tí ó mú kí àwọn kan fẹ́ràn kọfí tí ó ti pẹ́ nílẹ̀.

ÌLAPA ÈRÒ
(a) Ìfáárà: irú kọfí tí à ń sọ
(b) Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n
(d) Bí wọ́n ṣe ń ṣe é
(e) Adùn rẹ̀, àti ìyàtọ̀ láàárín rẹ̀ àti èyí tí ó bàjẹ́
(ẹ) Ìkádìí

ÀRÒKỌ
Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé kọfí tuntun ni ó dára jù. Òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ èyí tí a ti yan, nítorí òórùn dídùn rẹ̀ kì í pẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n kóró tí a kò tíì yan lè wà nínú àpò fún ọdún méjì tàbí mẹ́ta, kí adùn rẹ̀ sì yí padà sí òmíràn tí àwọn kan ń wá kiri.

Láyé àtijọ́, ọkọ̀ tí atẹ́gùn ń ti ni ó ń kó kọfí láti Malabar ní Íńdíà lọ sí Yúróòpù. Ọ̀pọ̀ oṣù ni wọ́n ń lò lórí òkun, nítorí wọ́n ní láti gba gúúsù Áfíríkà yí ká. Ọ̀rinrin òkun a wọ inú kóró náà, a wú, àwọ̀ rẹ̀ a sì ṣí kúrò ní ti ewé, a pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Ní 1869, wọ́n ṣí ọ̀nà omi tí wọ́n gbẹ́ ní Suez, ní Íjíbítì. Ìrìn àjò kúrú, kọfí kò sì wú mọ́. Àwọn oníbàárà wá adùn àtijọ́ tì.

Nítorí náà, àwọn ará Malabar dá ọgbọ́n. Láti oṣù kẹfà títí di oṣù kẹsàn-án, nígbà tí afẹ́fẹ́ òjò ń ti òkun fẹ́ wá, wọ́n ń tẹ́ kóró náà sínú ilé tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀. Wọ́n ń tú u lóòrèkóòrè kí ó má baà bu. Ní Sumatra, ní Indonéṣíà, ọdún ni wọ́n ń kà: wọ́n ń to àpò sínú ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n sì ń yí wọn padà kí atẹ́gùn lè kan gbogbo wọn.

Bí a bá yan irú kọfí yìí, kíkan rẹ̀ ti dínkù, ó ki lẹ́nu, ó sì ń ta sánsán bí igi gbígbẹ àti èròjà ọbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni èyí bá lára mu. Ṣùgbọ́n kọfí tí a gbàgbé sí abẹ́ òrùlé tí ń jò kì í ṣe ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìyẹn ti bu, àpò àtijọ́ ni yóò máa rùn, làálàá olóko sì ti wọmi.

Ní ìparí, ọjọ́ nìkan kò lè sọ kọfí di ọ̀tọ̀; ìtọ́jú ni ó ń ṣe é. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

ÀKÍYÈSÍ: Ẹ wo bí ìpínrọ̀ kejì ti sọ ohun tí ó fa ọ̀rọ̀, tí ìkẹta sì sọ ohun tí wọ́n ṣe sí i. Òwe kan ṣoṣo ni a lò, ibi tí ó bá a mu ni a sì fi í sí.