Stout aládùn àti ikùn Yorùbá

Òpópónà kékeré kan lẹ́yìn Allen Avenue ni mò ń gbé. Ní òru ọjọ́ kan, ìgò mẹ́ta bẹ́ gbàmù lábẹ́ síǹkì ilé ìdáná mi. Ẹni tá a jọ ń gbé sáré jáde, ó rò pé tiransífọ́mà ló bẹ́. Kì í ṣe tiransífọ́mà o. Ọtí tí mo pọn fúnra mi ni.

Stout aládùn ni mo ń pọn, èyí tí àwọn kan ń pè ní milk stout. Ọtí dúdú ni, wọ́n sì máa ń fi lactose sí i, ìyẹn ṣúgà inú wàrà. Mackeson ti ìlú Hythe, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ sí í pọn irú rẹ̀ ní nǹkan bí 1907. Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ Guinness tí wọ́n ń pọn nítòsí wa ní Ọba Akran láti 1962. Ìyẹn ò ní lactose. Bó bá da inú yín rú, ẹ wá ẹ̀sùn mìíràn kà sí i lọ́rùn.

Kí ni wọ́n ń fi lactose ṣe? Yíìsì máa ń jẹ ṣúgà inú omi ọkà, á sì sọ ọ́ di ọtí àti gáàsì. Ṣùgbọ́n ṣúgà kéékèèké méjì tó so pọ̀ ni lactose: glucose àti galactose. Ẹ́ńsáìmù tó ń jẹ́ lactase ni ọ̀bẹ tó ń gé wọn sọ́tọ̀. Yíìsì tá a fi ń pọntí ò ní ọ̀bẹ yìí, nítorí náà lactose á wà níbẹ̀, adùn náà ò sì ní lọ.

Àwa náà ńkọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dé Kalakuta Museum ní Gbemisola Street mọ Fẹlá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni mo ń wá lónìí: Olikoye Ransome-Kuti, dókítà ọmọdé tó padà di mínísítà ètò ìlera ní 1985. Ní 1971, òun àti Norman Kretchmer pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kọ ọ́ sínú The Lancet pé ọ̀pọ̀ àgbàlagbà Yorùbá àti Ìgbò tí wọ́n yẹ̀ wò kò lè da lactose nínú ikùn, àmọ́ ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran lè dà á. Kì í ṣe àrùn. Nígbà tá a wà lọ́mọ ọwọ́, a ní lactase. Bá a ṣe ń dàgbà ni ìfun ọ̀pọ̀ wa ń dín in kù.

Ṣé ẹ rí i báyìí? Ọ̀kan náà ni àwa àti yíìsì. Ohun tí yíìsì fi sílẹ̀ nínú kẹ́ẹ̀gì, ìfun kékeré wa náà á fi sílẹ̀, á bọ́ sínú ìfun ńlá, àwọn bakitéríà ibẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ àsè. Gáàsì dé, inú ń kùn, ẹ ń wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Nǹkan bí gíráàmù 450 ni wọ́n sábà máa ń fi sí lítà 19. Ìgò 60cl kan á ní bíi gíráàmù 14. Ife wàrà màlúù kan ní bíi 12, ọ̀pọ̀ àwọn tí lactase wọn kéré sì lè gba 12 lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá tí wọ́n bá fi oúnjẹ sí i. Ìgò kan pẹ̀lú àsun lè má ṣe yín ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ta ló ń mu ìgò kan péré ní Allen lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì?

Ibí ni mo ti ṣe ọgbọ́n àgọ̀. Mo da lactase sínú kẹ́ẹ̀gì kí n tó rọ ọtí sínú ìgò. Ó gé lactose lóòótọ́, glucose jáde, yíìsì tó ti ń sùn jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun nínú ìgò tí mo ti dé pa. Gáàsì ò rí ọ̀nà jáde. Ìgò tó ṣẹ́ kù ò tilẹ̀ dùn mọ́. Ẹnu ẹni tó ń mutí ni lactase yẹ kó wọ̀: ẹ gbé hóró rẹ̀ mì pẹ̀lú ìmumi àkọ́kọ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ wàrà fúnra rẹ̀, tí ara rẹ̀ máa ń wú tàbí tí kì í lè mí dáadáa, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Kó má fẹnu kàn án rárá.

Ní tèmi, mo ti pa lactose tì. Omi 69°C ni mo fi ń rẹ mọ́ọ̀tì báyìí dípò 65°C, kí ẹ́ńsáìmù tó ń gé sítáàṣì sí wẹ́wẹ́ lè tètè kú, kí ọtí lè ki. Kíki kì í ṣe adùn ṣá. Ti adùn, ewé eéran tá a fi ń pọ́n mọ́ínmọ́ín ni mo yà sí. Ohun tó yí hóró èso rẹ̀ ká ní thaumatin, purotéènì tó dùn ju ṣúgà lọ ní ìlọ́po tó lé ní 2,000. E957 ni wọ́n ń kọ sára oúnjẹ ní Yúróòpù. Kì í ṣe ṣúgà, nítorí náà yíìsì ò ní sọ ọ́ di ọtí. Èyí tí wọ́n ti sọ di lẹ́búlẹ́bú ni mo lò. Adùn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó dé, kì í sì tètè lọ. Ní ìgbà àkọ́kọ́ mo fi sí i jù, ọ̀rẹ́ mi ní ó ń rùn bí oògùn ikọ́. Inú ife kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ ti kọ́kọ́ dán an wò.