Sáré àti Ṣeré: Èdè Ọkọ̀ Wíwà ní Ìwó Road

Ọkọ̀ ni Yorùbá ń pe ohun tí a fi ń sọdá odò, ọkọ̀ náà ni wọ́n sì ń pe ohun tí ó ń kérò ní Ìwó Road ní Ìbàdàn. Ti omi ló ṣáájú. Nígbà tí Àjàyí Crowther tẹ ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ó ṣì ku ọdún mẹ́tàlélógójì kí Karl Benz tó gba ìwé ẹ̀rí mọ́tò rẹ̀ ní Jámánì. Igi gbígbẹ́ ni ọkọ̀ nígbà náà. Rélùwéè dé Ìbàdàn ní 1901, wọ́n sọ ọ́ ní ọkọ̀ ojú irin. Wọ́n la ọ̀nà mọ́tò láti Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 1906, ọkọ̀ bọ́ sórí ilẹ̀. Bàálù dé, òun náà di ọkọ̀ òfurufú. Ọ̀rọ̀-ìṣe tó bá ọkọ̀ gbé lódò kò fi í sílẹ̀: ẹni tó di àjẹ̀ mú ń wa ọkọ̀, ẹni tó di sítíárì mú náà ń wa ọkọ̀, awakọ̀ sì ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Tù ni kò bá wọn dé títì. Atukọ̀ wà lórí omi, ó wà nínú bàálù, ó tilẹ̀ wà nínú ìjọba; ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pe awakọ̀ orí títì ní atukọ̀, àfi tó bá fẹ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmì ohùn ni ohun tí ẹni tó bá fẹ́ kọ̀wé nípa ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mú dání. Ọkọ̀ kì í ṣe ọkọ tó ń fẹ́ ìyàwó, kì í ṣe ọkọ́ tí a fi ń ro oko, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kọ̀ tí àwọn jagunjagun ń jù. Ohùn ìsàlẹ̀ ni wà ń gbé nígbà tó bá dá dúró, bí i nínú "ọkọ̀ wíwà" tàbí "ó wà á lánàá"; tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀, ohùn rẹ̀ á gòkè sí àárín: "ó wa ọkọ̀". Ẹni tó bá kọ "Mo wa oko de Iwo Road" ránṣẹ́ láìfi àmì kankan sí i ti fún olùkà láyè láti rò pé ọkọ ló wá títí dé ibẹ̀. Orúkọ ibẹ̀ gan-an kò bọ́ nínú ewu yìí. Ìwó ni ìlú tó wà ní Ọ̀ṣun, tí ojú ọ̀nà náà forí lé, òun ni wọ́n fi sọ Ìwó Road. Ìwo ni ti màlúù, ìwọ̀ ni ti apẹja.

Wà mìíràn tún wà, èyí tí a fi ń sọ pé nǹkan kan ń bẹ. Òun ni èrò fi ń dá ọkọ̀ dúró. "Ó wà o!" ni ẹni tó fẹ́ sọ̀ máa ń ké, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé ẹni tó fẹ́ bọ́lẹ̀ ń bẹ níhìn-ín. Gbólóhùn náà kò dárúkọ ẹni tó fẹ́ sọ̀, kò dárúkọ ibùdó, síbẹ̀ kò sí awakọ̀ kan tí kò gbọ́ ọ yé. Ó ṣòro láti rí ìpè tó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú èdè yìí.

Orúkọ àwọn ọkọ̀ ni èdè gáréèjì ti lọ́rọ̀ jù. Akérò ń kó èrò, akẹ́rù ń kó ẹrù. Kó àti èrò di kérò, kó àti ẹrù di kẹ́rù. Àmì kékeré abẹ́ e àti fáwẹ́lì ìparí ló ya ènìyàn sọ́tọ̀ kúrò lára iṣu, ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a ṣì í kọ sí ara bọ́ọ̀sì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń fún èrò mọ́ra nígbà mìíràn jọ ti ẹrù. Agbérò kì í gbé ẹnikẹ́ni sórí. Gbé tirẹ̀ ni gbé inú "gbé mọ́tò jáde", ìyẹn ni pé kí a mú nǹkan kúrò níbì kan. Bọ́lẹ̀kájà, ọkọ̀ onípákó ayé àtijọ́, jẹ́ odindi gbólóhùn tó di orúkọ: bọ́ sílẹ̀ kí á jà. Mọ́tò kékeré ti Volkswagen di Ìjàpá nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rìbìtì. Ní Ìbàdàn, Nissan Micra tó di tasín gbogbo ìgboro kò lórúkọ àdìtú kankan. Máíkírà ni wọ́n ń pè é, kódà nígbà tí ọkọ̀ náà kì í ṣe Micra. Alùpùpù, ní tirẹ̀, ìró ẹ̀rọ rẹ̀ ló fi jẹ́ orúkọ.

Tòkunbọ̀ ni kí a dúró tì díẹ̀. Ó ti jẹ́ orúkọ ènìyàn kí ó tó jẹ́ orúkọ mọ́tò: ọmọ tí a bí sí òkè òkun, tó ti òkun bọ̀ wálé. Nígbà tí mọ́tò àlòkù ilẹ̀ òkèèrè bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọ Nàìjíríà, orúkọ náà bá wọn mu rẹ́gí, ó sì ti ràn kọjá ilẹ̀ Yorùbá débi pé Haúsá àti Ìgbò ń lò ó. Àlòkù ni ọ̀rọ̀ òótọ́, tòkunbọ̀ ni ọ̀rọ̀ àpọ́nlé. Ẹni tó ń ta mọ́tò mọ èyí tó yẹ kó lò.

Ayọ́kẹ́lẹ́ fi hàn bí ohùn mọ́tò ṣe rí létí àwọn tó kọ́kọ́ sọ ọ́ lórúkọ. Kí ènìyàn yọ́ rìn ni pé kó rìn jẹ́jẹ́ bí ológbò. Kẹ́lẹ́ kún un, ó di ohun tó ń yọ́ lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ ojú irin tó ń mi ilẹ̀, orúkọ náà tọ́. Ẹni tó bá yọ ohun tó ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀ kúrò lára mọ́tò rẹ̀ kí gbogbo àdúgbò lè gbọ́ ọ ti ba ìtumọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ jẹ́, kò sì yẹ kó bínú bí wọ́n bá wá orúkọ mìíràn fún un. Yọ́ yìí kì í ṣe yọ̀. Táyà ló ń yọ̀ lórí ọ̀dà tó tutù, ohùn kan náà sì ni a fi ń sọ pé inú ẹni ń yọ̀, tí awakọ̀ fi lè máa yọ̀ lọ́nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, fún ìṣẹ́jú díẹ̀.

Èdè gáréèjì kò tíì tó fún ẹni tó ń wa mọ́tò nítorí pé wíwà rẹ̀ dùn mọ́ ọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní agbègbè Ìwó Road. Ó ń lọ síbi iṣẹ́ láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjà Àràròmí ní Gáàtì ni ó ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ó ń wá súpánà, pílọ́ọ̀gì àti búréèkì, ọwọ́ rẹ̀ á sì kún fún gírísì títí di alẹ́. Àwọn kan ń pe irú ẹni yìí ní ọ̀gbẹ̀rì nítorí pé kì í ṣe iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Àṣìlò ni. Ọ̀gbẹ̀rì ni ẹni tí kò wọ awo, tí kò mọ ohun tó ń lọ nínú ilé. Ẹni yìí sì lè mọ inú mọ́tò rẹ̀ ju dẹ́rẹ́bà ogún ọdún lọ. Awakọ̀ ìgbafẹ́ ló bá a mu, nítorí afẹ́ ló ń wá, kì í ṣe owó. Bí a bá fẹ́ yìn ín, ó mọ ọkọ̀ wà ni a ó sọ. "Ó mọ bí a ṣe ń wa ọkọ̀" kò burú, ṣùgbọ́n ìmọ̀ lásán ni ìyẹn ń tọ́ka sí. "Ó mọ ọkọ̀ wà" ni ti ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá.

Eré ni ohun tó ń ṣe, ibí yìí sì ni ọ̀rọ̀ ti gba àlàyé. Eré ni ọmọdé ń ṣe nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Eré náà ni ẹni tí ajá ń lé ń sá. Sá eré di sáré, ṣe eré di ṣeré. Ọ̀rọ̀-orúkọ kan ló ru ìgbádùn àti ìkánjú, ọ̀rọ̀-ìṣe nìkan ló ń yà wọ́n. Àwọn oníròyìn ti mú eré kejì dé góńgó: eré àsápajúdé, èyí tí a sá títí ojú fi pa dé. Oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ ló yí i ká. Awakọ̀ tẹná, ó ki eré mọ́lẹ̀, ó kọjá fìrì, ó ya àwọn tó wà níwájú sílẹ̀. Ìwakọ̀kúwakọ̀ sì ni àpapọ̀ gbogbo rẹ̀, lọ́nà kan náà tí ìsọkúsọ àti ìjẹkújẹ gbà wáyé. Ti eré kìíní kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mọ́tò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọkọ̀ dárà níbi ayẹyẹ máa ń ní àwọn ń ṣe sípìnì, nígbà tí pòòyì wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́: mọ́tò ń pòòyì, òòyì sì ń kọ́ ẹni tó ń wò ó.

Eré tó gbàfiyèsí jù nínú ti awakọ̀ ìgbafẹ́ ni ọ́tókírọ́ọ̀sì (autocross). Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Sports Car Club of America, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1944, ló ń bójú tó èyí tó gbajúmọ̀ jù. Solo ni wọ́n ń pe tiwọn, ìdíje àpapọ̀ orílẹ̀-èdè wọn sì bẹ̀rẹ̀ ní 1973. Wọ́n á to kóònù sí ibi ìgbọ́kọ̀sí ńlá tàbí pápákọ̀ òfurufú àtijọ́. Awakọ̀ á kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà já, kó lè mọ kọ́nà kọ̀ọ̀kan sórí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, tí aago á máa ka ìṣẹ́jú-àáyá. Kóònù kan tó bá ṣubú, ìṣẹ́jú-àáyá méjì ni wọ́n ń fi kún àkókò onítọ̀hún. Ẹni tó bá ṣì ọ̀nà láàárín kóònù, eré yẹn kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tí kò tíì kàn ní ń bá wọn gbé kóònù dìde. Mọ́tò tí ọ̀pọ̀ wọn gbé lọ síbi iṣẹ́ náà ni wọ́n ń gbé wá. Ní Ìlú Ọba, ọ̀rọ̀ kan náà ń tọ́ka sí eré orí pápá oníkoríko, autosolo sì ni wọ́n ń pe èyí tó sún mọ́ ti Amẹ́ríkà. Ọ̀tọ̀ ni ti ráálì, ọ̀nà jíjìn ni. Ọ̀kan tí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ̀ dáadáa ni Bandama ti Côte d'Ivoire, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1969, tó sì wà nínú ìdíje àgbáyé láti 1978 dé 1992. Ní 1972, kò sí ọkọ̀ kan ṣoṣo tó parí rẹ̀.

Eré ìje ni àwọn kan ń fi túmọ̀ ọ́tókírọ́ọ̀sì. Kò bá a mu. Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré, ìje sì ni ìyẹn. Níbi tí a ń sọ yìí, kò sí ẹṣin iwájú, kò sí ẹni tí a ó yà sílẹ̀, àfi kóònù àti aago. Ìdíje ọkọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan sàn ju eré ìje lọ, ohùn rẹ̀ sì dùn lẹ́nu. Ẹni tí kò bá fẹ́ ẹ lè kọ ọ́tókírọ́ọ̀sì, kó fi àmì sí i dáadáa.

Ẹṣin tí a dárúkọ yìí ni orísun kejì lẹ́yìn odò, èyí tí èdè ọkọ̀ wíwà kò tíì lò tán. Ti mọ́tò yàtọ̀ sí ti ẹṣin nínú ìṣe kan: gígùn ni a ń gun ẹṣin, kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà, torí pé a la ẹsẹ̀ gùn wọ́n, èrò ń wọ mọ́tò, awakọ̀ ń wà á. "Mo gun mọ́tò" kò tọ́, àfi fún ẹni tó jókòó sórí òrùlé rẹ̀. Àmọ́ lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò ti jogún ìwà ẹṣin. Ó máa ń takú láàárọ̀, kò ní sítáàtì. Agbára ẹṣin tí a fi ń wọn ẹ́ńjìnnì, James Watt ti ilẹ̀ Scotland ló fi ẹṣin ṣe òṣùwọ̀n rẹ̀, ẹyọ kan sì tó wáàtì 746. Kò pọ̀ nínú ìtumọ̀ tààrà tó jókòó dáadáa lẹ́nu Yorùbá tó báyìí. Èyí tó níye lórí jù ni ìjánu. Já àti ẹnu ló bí i, irin tí a ń fi sí ẹnu ẹṣin. Àwọn oníròyìn ń lò ó fún búréèkì, àwọn oníwàásù sì ń sọ pé kí a kó ara wa níjàánu. Tẹ búréèkì ni ti ẹsẹ̀; kó ọkọ̀ níjàánu ju ìyẹn lọ, ó kan ọwọ́, ojú àti ọkàn, òun gan-an sì ni iṣẹ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ gba àárín kóònù kọjá. Awakọ̀ ìgbafẹ́ tún nílò àṣíborí, ọ̀rọ̀ tó ti wà nínú Bíbélì tipẹ́, tí àwọn ọlọ́kadà kò rántí mọ́.

Eré kì í ní iye. A lè sá a, a lè ṣe é, a kò lè kà á. Nígbà tí òfin bá fẹ́ sọ iye, ìyára ló yẹ kó lò. Òfin náà sì ní àwọn tó ń ṣọ́ ọ: Wọlé Ṣóyínká ló ṣe aṣáájú Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, lẹ́yìn tí ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ti gba ẹ̀mí lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀. Òun náà ni alága àkọ́kọ́ nígbà tí ti ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1988. Ìyára tí òfin fọwọ́ sí fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ láàárín ìgboro ni kìlómítà 50 ní wákàtí kan; lórí ọ̀nà márosẹ̀, 100 ni. Inú ìgboro ni Ìwó Road wà.